Ìró Abẹ́ Ọkọ̀: Bí Mo Ṣe Tún Ẹsẹ̀ Iwájú Corolla Mi Ṣe Nílé

Ní ìparí oṣù karùn-ún ni mo tó fetí sí ìró náà dáadáa. Òjò ti fọ ọ̀nà àdúgbò wa ní Ìbàdàn, ó ti gbẹ́ gálọ́ọ̀pù sí i lọ́tùn-ún lósì, mo sì ń gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn nítorí orúnkún wọn. Bí táyà iwájú bá ti wọ kòtò kékeré, ohun kan á dún kọ́-kọ́-kọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìka kan ilẹ̀kùn. Bí a bá sì sọ̀ kalẹ̀ lórí bọ́ǹpù, òmíràn á dún gbàgà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì dákẹ́. Ìyá mi di ìjókòó mú, wọ́n ní, "Ọkọ̀ rẹ yìí ń sọ̀rọ̀ o. Ṣé o ń gbọ́ ohun tó ń wí?" Mo ní mò ń gbọ́, Mà. Ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ ọ lóòótọ́.

Mo gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ó wà á yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan, ó padà dé, ó sì ní kí n lọ ra ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, lower arm méjèèjì àti rack sítíárìn odindi, ìyẹn irin tó ń yí táyà bí a bá yí sítíárìn. Kò gbé ọkọ̀ sókè, kò sì fi ọwọ́ kan ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀. Owó tó kà sílẹ̀ fún mi ju owó oṣù olùkọ́ lọ dáadáa, nítorí olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi kì í sì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wakọ̀ padà sílé, mo rò ó pé ohun tí mo ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lójoojúmọ́ ni pé kí wọ́n wọn nǹkan kí wọ́n tó dáhùn, kò sì yẹ kí èmi náà san irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n.

Ó dára kí n ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀ ná, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń sanwó fún ohun tí a kò fi ojú rí rí. Ẹsẹ̀ iwájú Corolla ọdún 2005 yìí jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní MacPherson, orúkọ ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Earle MacPherson, ẹni tí ilé iṣẹ́ Ford lo iṣẹ́ rẹ̀ sára àwọn ọkọ̀ Consul àti Zephyr ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé ó sọ ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì di òpó kan ṣoṣo. Orí òpó náà wọ inú ara ọkọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí nọ́ọ̀tì mẹ́ta ti dì í mú. Ìdí rẹ̀ ni a fi bóòtù ńlá méjì so mọ́ họ́ọ̀bù, irin tó gbé wíìlì. Láti ìsàlẹ̀, lower arm na ara jáde láti abẹ́ ọkọ̀, ó sì di họ́ọ̀bù mú pẹ̀lú bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì, tó dà bí oríkèé itan wa gan-an, orí rógódó nínú ihò rógódó, tó fi jẹ́ pé wíìlì lè yí lọ sọ́tùn-ún sósì kó sì tún lọ sókè sódò. Búṣìn onírọ́bà ni wọ́n fi so ìdí lower arm mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀pá kan tún wà tó dábùú abẹ́ ọkọ̀ láti ẹsẹ̀ ọ̀tún dé ẹsẹ̀ òsì, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jù bí a bá ń yà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ olóríkèé méjì tó so ọ̀pá yẹn mọ́ ṣọ́ọ̀kì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní lìǹkéèjì.

Nínú irú ẹsẹ̀ yìí, òpó ṣọ́ọ̀kì ló ń gbé ẹrù ọkọ̀, bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì kò gbé ẹrù, dídì ló ń di wíìlì mú kó má baà yẹ̀. Nítorí náà ni a kò fi lè mọ̀ bóyá ó ti jẹ nígbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀. Wíìlì gbọ́dọ̀ rọ̀ sókè kí a tó lè fi irin wò ó.

Ní àárọ̀ Sátidé, èmi àti àbúrò mi gbé ọkọ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú jù nínú ọgbà. A fa búréèkì ọwọ́, a fi òkúta ńlá dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, a sì tẹ́ pákó nípọn sílẹ̀ nítorí ilẹ̀ wa jẹ́ yanrìn. Mo fẹ́ sọ èyí gbangba: jáàkì tó wà nínú búùtù ọkọ̀ wà fún pípààrọ̀ táyà nìkan, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé ró, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Irin ìgbọ́kọ̀dúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin méjì ni mo yá, mo gbé e sí abẹ́ etí ọkọ̀ níbi tí irin ti nípọn lọ́tùn-ún àti lósì, mo sì tún ti táyà spare wọ abẹ́ ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ààbò kejì. Lẹ́yìn èyí ni mo mi ọkọ̀ náà tagbára-tagbára kí ẹnikẹ́ni tó tẹrí wọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn awakọ̀ àti alágbẹ̀dẹ àtijọ́ kò bu ọlá fún Ògún lásán. Wọ́n mọ ohun tí irin lè ṣe fún ara.

Ṣùgbọ́n kí a tó gbé e sókè rárá, àyẹ̀wò méjì wà tí a ṣe nílẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lápá ọ̀tún, mo sì jọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lápá òsì. Ó dìde, ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó tún dìde kó tó dúró. Ṣọ́ọ̀kì tó bá ṣì ní agbára kì í jẹ́ kí sípíríǹgì jó bẹ́ẹ̀. Ìkejì ni pé mo na ọwọ́ láti ẹ̀yìn táyà, mo di lìǹkéèjì mú níbi oríkèé rẹ̀, mo sì ní kí àbúrò mi máa ti òrùlé ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Kò tíì tì í lẹ́ẹ̀mẹta tí ìró náà fi kàn mí ní àtẹ́lẹwọ́. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Ìró tí mo ti ń gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, ó ń lu ìka mi bí ọkàn ẹyẹ tí a dì mú. Mo kọjá sí apá kejì, lìǹkéèjì ibẹ̀ náà ń kàn.

Díẹ̀ ló kù kí n dúró síbẹ̀. A ti rí ohun tó ń dún, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eje lọ, gbàgà tó ń dún lórí bọ́ǹpù kò sì jọ iṣẹ́ lìǹkéèjì létí mi.

Nígbà tí ọkọ̀ ti wà lókè, tí wíìlì sì ń rọ̀, mo fi ọwọ́ kan mú orí táyà òsì, mo fi ìkejì mú ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo ń ti ti òkè bí mo ṣe ń fa ti ìsàlẹ̀. Ó yẹ̀ díẹ̀. Irú yíyẹ̀ yìí lè jẹ́ ti bíárìn inú wíìlì, ó sì lè jẹ́ ti bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì, bí a sì ṣe ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ rọrùn: mo ní kí àbúrò mi tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ gbọin, mo sì tún mì í. Bó bá jẹ́ bíárìn ni, búréèkì ì bá ti so wíìlì àti họ́ọ̀bù pọ̀, yíyẹ̀ náà ì bá sì ti dáwọ́ dúró. Kò dáwọ́ dúró. Mo wá ti irin gígùn kan bọ àárín lower arm àti họ́ọ̀bù, mo gbé e sókè pẹ̀lẹ́, mo sì rí i pẹ̀lú ojú ara mi pé bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì náà fò nínú ihò rẹ̀. Rọ́bà tó bo ọrùn rẹ̀ ti ya yíká. Gíríìsì tó yẹ kó máa yọ̀ ti gan, ó ti pọ́n bí ilẹ̀ àdúgbò wa, eruku àti omi ẹrẹ̀ ti pò mọ́ ọn di ohun tó ń lọ irin bí ọlọ. Bí mo ti ń wò ó, àyà mi já, nítorí bí orí rógódó yẹn bá jáde nínú ihò rẹ̀ lórí eré, ìsàlẹ̀ wíìlì á ṣí kúrò, wíìlì á sì ká wọ abẹ́ ọkọ̀. Ìyá mi ló ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi nínú ọkọ̀ yẹn. Ohun tó ń pariwo jù lábẹ́ ọkọ̀ wa ni ewu rẹ̀ kéré jù, èyí tó lè dá wa dùbúlẹ̀ sì ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré.

Mo mú táyà lọ́tùn-ún àti lósì láti fi wo ìdí sítíárìn, kò yẹ̀ rárá, rack sì gbẹ, kò jo. Búṣìn lower arm kò já. Mo wá gbé ọwọ́ lé sípíríǹgì òsì nígbà tí àbúrò mi ń yí sítíárìn, mo sì gbọ́ bó ṣe ń há tó tún ń fò, dìn-ín, dìn-ín, èyí tó fi hàn pé bíárìn tó wà nínú máúntìn orí ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn ìdè tó so orí òpó náà mọ́ ara ọkọ̀, ti kú. Ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì òsì náà rin fún ọ́ìlì, eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nínú gbogbo ohun tí mẹkáníìkì yẹn kà sílẹ̀ fún mi, ṣọ́ọ̀kì nìkan ló bá òótọ́ pàdé, bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì tó lè pa èèyàn kò sì sí nínú ohun tó kà.

Ọjà Ararọ̀mí ní Agodi Gate ni mo lọ. Mo mú fóònù tí mo fi ya àwòrán gbogbo rẹ̀ dání, mo sì kọ nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ (chassis number) sílẹ̀, nítorí oríṣiríṣi Corolla ló wà tí ẹsẹ̀ wọn jọra lójú tí wọn kò sì wọ ara wọn. Ẹni tó ń tajà fẹ́ kí n mú ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti ojúlówó gan-an rèé, ó sàn ju tuntun tí kò dára lọ." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́ pátápátá, mo ti rí lower arm tòkunbọ̀ tó pẹ́ ju tuntun lọ. Ṣùgbọ́n rọ́bà inú ṣọ́ọ̀kì ń gbó bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́, nígbà tí mo sì fi ìka nu ọrùn èyí tó gbé fún mi, ọ́ìlì wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ti nù. Ṣọ́ọ̀kì tuntun méjì ni mo rà, nítorí a kì í pààrọ̀ apá kan kí a fi ìkejì sílẹ̀, pẹ̀lú máúntìn méjì, lìǹkéèjì méjì, àti bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì méjì. Ní ti bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì, èmi kò ní ra tòkunbọ̀ láéláé, kódà bí wọ́n bá fi ta mí lọ́rẹ. Kí n tó sanwó, mo fi ọwọ́ yí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò: ó yẹ kó le, kó sì máa yí dọ́gba láìsí ibi tó ti rọ̀ lójijì. Ọ̀kan rọ̀ ní ìhà kan, mo sì dá a padà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni a ṣe iṣẹ́ náà. Láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ ni mo ti fín WD-40, ọ́ìlì tó ń dẹ nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, sí gbogbo nọ́ọ̀tì tí a máa tú, mo sì tún fín in lóru kí n tó sùn. Kí a tó gbé ọkọ̀ sókè ni a ti dẹ nọ́ọ̀tì wíìlì àti nọ́ọ̀tì ńlá orí ṣáàfù (ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì dé wíìlì), nọ́ọ̀tì tó ń gba sọ́kẹ́ẹ̀tì mìlímítà 30, nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀ tí búréèkì sì lè dì í mú.

Lìǹkéèjì ni a fi bẹ̀rẹ̀. Apá méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lókè pa pọ̀, nítorí bó bá jẹ́ ẹyọ kan la gbé, ọ̀pá tó dábùú á lọ́, á sì máa fa lìǹkéèjì débi pé kò ní fẹ́ jáde, tuntun kò sì ní fẹ́ wọlé. Bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá ń yí, oríkèé náà á máa bá a yí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ́ ihò igun mẹ́fà sí imú rẹ̀ kí a lè fi Allen key dì í mú. Apá òsì tú bí ìgbà tí a fọ́ ẹ̀pà. Ti apá ọ̀tún ti dípẹtà, ihò imú rẹ̀ sì lọ lẹ́nu Allen key. Ayùn irin ni a fi gé e, ó sì gbà wá ní ogójì ìṣẹ́jú, èmi àti àbúrò mi ń gba ayùn lọ́wọ́ ara wa.

Lẹ́yìn náà ni a tú kálípà búréèkì, irin tó ń fún díìsìkì búréèkì mú, tí mo sì fi okùn so ó rọ̀ mọ́ sípíríǹgì. Ẹ má ṣe jẹ́ kó rọ̀ lórí páìpù búréèkì, nítorí páìpù yẹn lè já nínú kí ó má sì hàn lóde. Nínú Corolla yìí, bóòtù kan àti nọ́ọ̀tì méjì ló di bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì mọ́ lower arm, ìyẹn sì tú wẹ́rẹ́. Orí rẹ̀ tó wọ inú họ́ọ̀bù ló ṣòro, nítorí ṣáàfù wà lókè rẹ̀ gan-an, kò sì sí àyè fún sípánà. A ti ṣáàfù sẹ́yìn, a sì fa họ́ọ̀bù síta kó tó ṣeé ṣe. Nígbà tí a yọ píìnì tó gba inú nọ́ọ̀tì kọjá kó má baà tú, tí a sì dẹ nọ́ọ̀tì náà, orí bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì ṣì há, nítorí wọ́n ṣe é ní ṣóńṣó kó lè fún mọ́ ihò rẹ̀. Mi ò lu orí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀bù níbi tí ihò náà wà ni mo fi òlùgbóńgbó lù lẹ́ẹ̀mẹrin, gbóńgán, gbóńgán, nígbà kẹrin ó sì já bọ́ sílẹ̀. Mo gbé e, mo fi ìka kan mì í, orí rẹ̀ ń ṣubú síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú ihò bí ahọ́n agogo. Nígbà tí a ń di tuntun, ihò píìnì kò ṣe déédéé pẹ̀lú eyín nọ́ọ̀tì; bó bá rí bẹ́ẹ̀, a máa ń fún un síwájú díẹ̀ sí i ni, a kì í dẹ̀ ẹ́ padà láti wá ihò.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tí ìdí rẹ̀ àti họ́ọ̀bù ti pàdé kí n tó tú bóòtù méjèèjì, kí wíìlì lè padà sí ibi tó súnmọ́ ti tẹ́lẹ̀. A tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta òkè, òpó náà sì jáde lódindi. Ibi tí mo dá iṣẹ́ ilé dúró sí nìyí. Sípíríǹgì tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ kí wọ́n tó dè é, bí ẹnikẹ́ni bá sì tú nọ́ọ̀tì àárín láìjẹ́ pé irin ti di sípíríǹgì mú, yóò fò jáde pẹ̀lú agbára tó lè pa á. Mo gbé òpó méjèèjì lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ sípíríǹgì tó dúró nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Bàbá náà fi ọwọ́ gbé mi kúrò níwájú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbẹ́ ni kó o dúró sí, ọmọ mi, má ṣe kọjú sí i." Ogún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é kò mú kí wọ́n fi ojú di í. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣe méjèèjì tán, pẹ̀lú máúntìn tuntun.

Dídì ló kù, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ físíìsì ti wọlé. Mo ní sípánà oníwọ̀n. Nọ́ọ̀tì wíìlì Corolla yìí ń gba newton-mita 103, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí i. Lórí sípánà tó gùn ní ìdajì mita, ó dà bí ìgbà tí a bá fi ẹrù kílò 21 kọ́ sí ìdí rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń fi páìpù gígùn di nọ́ọ̀tì tí wọ́n sì tún ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ń fa bóòtù gùn ni, ọjọ́ tí táyà bá sì bẹ́ lójú ọ̀nà, obìnrin tó ń dá wakọ̀ kò ní lè tú u. Ohun kan tí kò kàn mí lọ́jọ́ yẹn ṣùgbọ́n tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń pààrọ̀ lower arm mọ̀ ni pé kó má ṣe fún bóòtù búṣìn tán nígbà tí wíìlì ń rọ̀. Kí ó jẹ́ kí ẹrù ọkọ̀ padà sórí táyà ná, kó tó fún un parí, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà náà á wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, kò sì ní pẹ́ já.

Ọjọ́ Ajé ni mo gbé e lọ fún wheel alignment, ìyẹn títún ìdúró wíìlì ṣe, ní Ìwó Road, nítorí àmì ọ̀dà kò lè rọ́pò ẹ̀rọ. Sítíárìn tó ti ń fà sí òsì tẹ́lẹ̀ dúró gan-an. Ìyá mi wọ ọkọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, a kọjá lórí bọ́ǹpù mẹ́ta tó wà níwájú ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó àbúrò mi láìdi ohunkóhun mú.

Bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì àtijọ́ wà lórí tábìlì mi ní kíláàsì SS2 báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun kan tí mo tún rà nítorí ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ máa ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á mì í sétí. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti rin bíi kìlómítà 100, mo tún yọ táyà, mo fi sípánà oníwọ̀n wo gbogbo nọ́ọ̀tì, ọ̀kan péré nínú ti lìǹkéèjì ló sì yí díẹ̀. Búṣìn ẹ̀yìn ti lower arm ọ̀tún ti ń la tẹ́ẹ́rẹ́, kò tíì já. Mo fi ọ̀dà funfun kan náà fa ìlà sí òpin ibi tí ó là dé, màá sì tún gbé ọkọ̀ sókè kí ọdún Kérésì tó dé láti wò ó bóyá ó ti kọjá ìlà.